Comfort: Orúkọ Tí Òyìnbó Gbàgbé Sọ́wọ́ Àwọn Ìyá Wa Àgbà

Tẹ́ ẹ bá dé Kàbà lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ìsìnkú máa ń pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ fara balẹ̀ ka àwọn ìwé ìkéde òkú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àti òpó iná. Ó ṣòro kẹ́ ẹ má bá Comfort kan pàdé níbẹ̀. Màmá Comfort báyìí, ẹni ọdún 84. Ìyá Ìjọ Comfort báyìí, ẹni ọdún 91. Ẹ wá yà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ládùúgbò kan náà, kẹ́ ẹ gbọ́ bí tíṣà ṣe ń pe orúkọ láàárọ̀: Favour, Blessing, Testimony, Goodness, Precious, Ìtùnú. Comfort ńkọ́? Bóyá ẹyọ kan, tó jẹ́ pé orúkọ ìyá ìyá rẹ̀ ni wọ́n fún un. Nígbà míì, kò tiẹ̀ sí rárá.

Àwa tá à ń kọ́ nípa ohun abẹ̀mí mọ irú nǹkan báyìí dáadáa. Tí irú ẹ̀wà kan bá pọ̀ lóko bàbá àgbà, tí kò sì sí lóko ọmọ ọmọ mọ́, a máa béèrè pé kí ló dé. Ṣé kòkòrò ló jẹ ẹ́ tán ni? Àbí àwọn ará ọjà ni ò rà á mọ́? Àbí ó kàn dín kù díẹ̀díẹ̀, láìsí ìdí kan gúnmọ́, títí tó fi tán? Ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí náà la lè bi orúkọ. Ti Comfort sì tún dùn ún wádìí, torí kì í ṣe Kàbà ló ti máa kọ́kọ́ parẹ́. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nígbà kan rí, lọ́wọ́ àwọn tó ni ín gan-an.

Agbára ni, kì í ṣe tìmùtìmù

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Fortis ni wọ́n ń pe alágbára. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n confortare ẹnì kan, kí wọ́n fún un lágbára ni wọ́n ń sọ, kí wọ́n mú un lọ́kàn le. Faransé gbà á lọ́wọ́ Látìn, Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ Faransé lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní 1066. Nígbà yẹn, okun ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe ìrọ̀rùn.

Okun kẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí ló pa mí lẹ́rìn-ín. Àwa tí wọ́n ń pè ní Okun, Òwé, Ìjùmú, Yàgbà, Búnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀, inú bá a ṣe ń kíra wa ni orúkọ àjọjẹ́ yẹn ti wá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, okun. Ẹni tó ti ìrìn àjò dé, okun. Ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí, okun. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí agbára. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ti ń kí ara wa ní "Comfort" kí òyìnbó kankan tó gun òkè Kàbà.

Bíbélì Yorùbá tí Àjàyí Crowther àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó parí ní 1884, gba ọ̀nà míì. "Ìtùnú" ni wọ́n lò, ìyẹn ni pé kí inú tó ń jó rọlẹ̀. Látìn ní kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ dìde dúró, Yorùbá ní kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ balẹ̀ ná. Èwo ló dáa jù? Ó kù sọ́wọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Àwọn Puritan ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di orúkọ èèyàn. Kristẹni tó le koko ni wọ́n, nílẹ̀ England, ní sẹ́ńtúrì 16 àti 17. Wọn ò fẹ́ orúkọ àwọn ẹni mímọ́ tí ìjọ Páàdì ń lò, wọ́n fẹ́ orúkọ tó ń wàásù. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ ní Patience, Grace, Mercy, Prudence àti Comfort nìyẹn. Àwọn kan ṣe é títí ó fi di gbólóhùn odindi. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Praise-God Barebone, ó wà nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin England ní 1653, débi pé orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ilé ìgbìmọ̀ náà títí dòní. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀sín o. PraiseGod mélòó lẹ mọ̀ ní Kàbà?

Nǹkan kan wà níbẹ̀ tó máa ya àwọn ará ilé lẹ́nu: orúkọ ọkùnrin ni Comfort nígbà náà, bó ṣe jẹ́ ti obìnrin. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Comfort Starr, kúrò ní Kent lọ sí Amẹ́ríkà ní 1635. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin náà ń jẹ́ Comfort Starr, ó sì wà lára àwọn márùn-ún tí wọ́n kọ orúkọ wọn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìgbìmọ̀ nínú ìwé òfin tí wọ́n fi dá Harvard sílẹ̀ bí ilé iṣẹ́ lábẹ́ òfin ní 1650. Comfort Sands jẹ́ oníṣòwò ńlá ní New York. Comfort Tyler wà lára àwọn tó kọ́kọ́ tẹ ìlú Syracuse dó. Louis Comfort Tiffany tó ń fi gíláàsì aláwọ̀ ṣe iṣẹ́ ọnà, bàbá bàbá rẹ̀ ló ni Comfort tó wà láàárín yẹn. Ẹ wò ó: Bàbá Comfort, Alàgbà Comfort, Ọ̀gá Comfort. Lójú tiwa, ó dà bíi kí wọ́n ní Bàbá Àbẹ̀kẹ́.

Nígbà tó di 1660, tí ọba padà sórí oyè ní England, ọwọ́ àwọn Puritan kúrò nínú ìjọba, orúkọ wọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Lẹ́yìn ìyẹn, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà yí. Comfort kúrò ní agbára, ó bọ́ sí ìrọ̀rùn: àga tó rọ̀, bẹ́ẹ̀dì tó gbóná, yàrá tí atẹ́gùn ò wọ̀. Ní Amẹ́ríkà, comforter lónìí, aṣọ ìbora tó nípọn ni. Ta ló máa fẹ́ sọ ọmọ rẹ̀ ní tìmùtìmù? Lónìí, tẹ́ ẹ bá gbọ́ tí wọ́n pe Comfort nínú bọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ ọmọ Ghana tàbí ọmọ Nàìjíríà ló máa dáhùn.

Ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan

Báwo wá ni orúkọ tí kò pọ̀ lọ́wọ́ oníǹkan ṣe wá pọ̀ lọ́wọ́ wa? Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ jẹ́nẹ́tíìkì ti wúlò.

Ká ní ẹ fẹ́ gbé irúgbìn ẹ̀wà láti Zaria wá sí Kàbà. Nínú hóró 1,000 tó wà nínú àpò, 900 jẹ́ funfun, 95 jẹ́ olóyin, 5 péré jẹ́ dúdú. Ẹ ò lè gbé gbogbo àpò, ẹ̀kúnwọ́ kan lẹ bù, hóró 20. Lọ́pọ̀ ìgbà, dúdú kankan ò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ṣe kòńgẹ́ pé dúdú 3 bọ́ sí yín lọ́wọ́, oko yín ní Kàbà á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dúdú 3 nínú 20, ìyẹn ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní Zaria, kò tó ìdá 1. Lẹ́yìn ogún ọdún, àlejò tó bá dé oko yín á ní "ẹ̀wà dúdú mà ni ẹ̀wà ilẹ̀ yìí o." Kì í ṣe ilẹ̀ ló fẹ́ ẹ, kì í ṣe òjò. Bí ọwọ́ ṣe bù ú ni.

Ernst Mayr, onímọ̀ nípa ohun abẹ̀mí, ló sọ ọ́ ní founder effect ní 1942. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ipa àwọn olùtẹ̀dó. Àpẹẹrẹ tí wọ́n máa ń lò jù ni Tristan da Cunha, erékùṣù kékeré kan láàárín òkun Àtìláńtíìkì níhà gúúsù. Èèyàn bíi 15 ló tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn díẹ̀ nínú wọn sì ní ikọ́ fée. Nígbà táwọn dókítà yẹ àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn wò, ikọ́ fée pọ̀ láàárín wọn lọ́nà tó yani lẹ́nu. Ẹ tún wo orúkọ: fún ọ̀pọ̀ ọdún, orúkọ ìdílé méje péré ló wà ní gbogbo erékùṣù náà. Àìsàn àti orúkọ, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà.

Tí ẹ̀kúnwọ́ bá tún bọ́ sínú ẹ̀kúnwọ́, ipa náà á túbọ̀ le. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìran èèyàn nìyẹn bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò ní Áfíríkà: bí ibi tí wọ́n dé bá ṣe jìn tó, bẹ́ẹ̀ ni onírúurú jíìnì tó wà lára wọn ń dín kù. Èrò tèmi ni pé bí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ṣe dé Kàbà náà nìyẹn, láti ẹ̀kúnwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.

Ẹ̀kúnwọ́ àkọ́kọ́ ni Freetown. Ní 1792, àwọn aláwọ̀ dúdú bíi 1,200 tí wọ́n ti kúrò lóko ẹrú Amẹ́ríkà gba Nova Scotia wá tẹ̀ dó síbẹ̀, orúkọ Amẹ́ríkà wà lára wọn, ẹ sì rántí pé Amẹ́ríkà ni orúkọ àwọn Puritan ti pẹ́ jù. Láti 1808, ọkọ̀ ojú omi ìjọba Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn èèyàn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, wọ́n ń já wọn sí Freetown kan náà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Àwọn míṣọ́nnárì CMS ló ń kọ́ wọn, tí wọ́n sì ń rì wọ́n bọmi. Orúkọ tó bá wà lórí ahọ́n míṣọ́nnárì lọ́jọ́ náà, tàbí orúkọ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti England, òun ni ọmọ máa jẹ́. Àjàyí di Samuel Crowther ní 1825 torí pé àlùfáà kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn míṣọ́nnárì yìí kì í ṣe aṣojú gbogbo England. Olùfọkànsìn ni wọ́n, ọ̀rọ̀ Bíbélì ló kún ẹnu wọn. Grace, Mercy, Patience, Comfort pọ̀ nínú ẹ̀kúnwọ́ tiwọn ju bó ṣe pọ̀ nínú àpò lọ.

Ẹ̀kúnwọ́ kejì ni àwọn tó padà wálé, sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta, láti nǹkan bí 1839. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó gba ojú odò Ọya dé Lọ́kọ́ja, níbi tí CMS dá ibùdó sí lẹ́yìn tí William Balfour Baikie ti tẹ̀ dó síbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ló dé ọ̀dọ̀ wa, ìrora ló sì bá dé. Ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń kó àwọn ará Okun lẹ́rú. Àwọn abúlé sá gun orí òkè. Ìdílé mìíràn ò rí ọmọ wọn mọ́ láé. Ní oṣù January 1897, ọmọ ogun Royal Niger Company wọ Kàbà, wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjá lọ ṣẹ́gun Bídà. Lára àwọn tí wọ́n kó lọ bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé, àwọn kan sì ti gba ìgbàgbọ́ lọ́hùn-ún. Àwọn ni wọ́n gbé Kristẹni wá sí ọ̀pọ̀ ìlú wa kí òyìnbó tó wá bá wọn níbẹ̀. Thomas Titcombe tó wá sí Ẹ̀gbẹ̀ nílẹ̀ Yàgbà, 1908 ló dé. Ẹ ronú sí i: ẹni tó ti kúrò lóko ẹrú, tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà dé ilé, tó bá àwọn tó kù, kí ni kò bá tún sọ ọmọ rẹ̀ tí kì í ṣe Ìtùnú?

Ó tún jọ mí lójú pé ilé ìwé St. Barnabas wà ní Kàbà títí dòní. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 4, wọ́n túmọ̀ Barnaba sí "ọmọ ìtùnú". Bàbá Comfort nìyẹn ná.

Tí mo bá ní orúkọ náà "dé", ẹ má rò pé bó ṣe wà ló ṣe dúró. Èdè Yorùbá kì í jẹ́ kí kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, kì í sì í jẹ́ kí méjì so pọ̀. Comfort tó jẹ́ sílébù méjì lẹ́nu Òyìnbó di Kọ́-ń-fọ̀-ọ̀-tì, sílébù márùn-ún gbáko. Ó gba ohùn, ó ṣeé fi orin pè. Ó sì di ti obìnrin nìkan. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣe òfin yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn tó ń jẹ́ ẹ nínú ẹ̀kúnwọ́ wa, obìnrin ni gbogbo wọn.

Ta ni orúkọ náà ń tù nínú?

Ṣùgbọ́n ipa àwọn olùtẹ̀dó ò lè dá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Hóró tó bọ́ sórí àpáta ò ní hù. Comfort hù ní Kàbà torí ilẹ̀ ti wà fún un.

Orúkọ bíi Mary tàbí Janet ò sọ nǹkan kan létí ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá. Comfort ń sọ̀rọ̀, bí Rẹ̀mílẹ́kún ṣe ń sọ̀rọ̀, bí Ẹ̀kúndayọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Àwa kì í sọ ọmọ ní orúkọ tó kàn dùn lẹ́nu. A máa wo ilé kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ, Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n máa sọ èyí tó tẹ̀ lé e.

Nínú ìdílé tiwa, ìyá àgbà tó ń jẹ́ Comfort, ọmọ kẹta ni. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ kú láàárín ọyẹ́ kan ṣoṣo, nínú àìsàn tó kọlu àwọn ọmọdé ládùúgbò. Nígbà tí wọ́n gbé e lọ ṣe ìrìbọmi, kátíkíìsì bi bàbá rẹ̀ pé orúkọ wo ló fẹ́. Bàbá ní òun ò mọ orúkọ òyìnbó kankan, ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti nu omijé ìyá rẹ̀. Kátíkíìsì kọ Comfort. Bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn náà nílé nìyẹn. Mo sì ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá mìíràn tó ń jẹ́ Comfort, ó kàn jẹ́ pé òkú tó wà nínú ìtàn wọn yàtọ̀ síra ni: ọmọ, ọkọ, ìyá tó kú sórí ìkúnlẹ̀.

Èyí ni kò jẹ́ kí n lè fi Comfort sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú bàtà tàbí irun tó ń gbòde. Ìwé ikú àwọn ọmọ wa ni. Kòsọ́kọ́, Málọmọ́, Dúrósinmí àtàwọn orúkọ àbíkú yòókù wà nínú ìwé kan náà. Àwọn dókítà ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé púpọ̀ nínú àwọn tí a pè ní àbíkú, àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde ló pa wọ́n. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló jẹ́ AS. Tí AS méjì bá fẹ́ra, oyún kọ̀ọ̀kan ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti jẹ́ SS. Ẹ wá wo ìdílé tó bí mẹ́fà, méje, láyé tí kò sí àyẹ̀wò, tí kò sí oògùn. Ilé yẹn máa nílò Rẹ̀mílẹ́kún.

Lónìí, ó dín kù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì tó. Nínú ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, 132 nínú ọmọ 1,000 ni kì í pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ní èyí tí wọ́n ṣe ní 2023 sí 2024, ó ti bọ́ sí 110. Nọ́ńbà burúkú ṣì ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyá tó ń bímọ ní Kàbà báyìí ni kò tíì sin ọmọ rí. Favour lọ́rọ̀ wọn. Wọn ò nílò kí ẹnikẹ́ni nu ojú wọn nù. Ó wù mí kí n gbà gbọ́ pé ara ohun tó ń pa Comfort ni abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tó bá jẹ́ òun ni, kó máa pa á lọ.

Kí ló tún lè pa orúkọ?

Ó lè jẹ́ pé kò sí ohun tó pa á. Ní 2003, Matthew Hahn àti Alexander Bentley gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó orúkọ ọmọ 1,000 tó wọ́pọ̀ jù ní Amẹ́ríkà ní ẹ̀wádún kọ̀ọ̀kan ní sẹ́ńtúrì 20, wọ́n wá bi í pé: tó bá jẹ́ pé ńṣe ni òbí kọ̀ọ̀kan kàn ń wo àyíká, tó ń ya orúkọ kan lò láìṣà, tí ẹnì kan sì ń hùmọ̀ tuntun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, báwo ni iye orúkọ ṣe máa rí? Ohun tí ìṣirò wọn fi hàn bá ohun tó wà nínú ìwé ìjọba mu gan-an. Orúkọ díẹ̀ á gbajúmọ̀ rẹpẹtẹ, ọ̀pọ̀ á wà nísàlẹ̀, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ipò láìsí pé ọ̀kan dáa ju èkejì. Irú ìṣirò tá à ń lò fún jíìnì tí kò ṣoore tí kò sì ṣebi ni. Ní ìlú kékeré, ó tún máa ń yá: níbi tí ìbí ò bá ti pọ̀, ọdún méjì tí kò sí Comfort kankan ti tó láti mú kó bọ́ lójú àwọn tó ń yá orúkọ lò.

Àwọn míì sọ pé àṣà fúnra rẹ̀ ní ẹsẹ̀. Jonah Berger àti Gaël Le Mens fi orúkọ ọmọ ní Faransé àti Amẹ́ríkà fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún hàn ní 2009 pé orúkọ tó bá yára gòkè, ó máa ń yára sọ̀ kalẹ̀. Àwọn òbí ń rí i pé ó ti fẹ́ di ti gbogbo ayé, wọ́n á sá fún un. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin Favour àti Testimony, ẹ múra sílẹ̀ o. Tiyín yára ju ti Comfort lọ fíìfíì.

Ohun kẹta ni pé a ti ń padà sí orúkọ tiwa. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. David Brown Vincent di Mọ́jọlà Agbébí ní 1894. Frances Abigail Thomas lọ kàwé ní England, nígbà tó fi dé ní 1922, Fúnmiláyọ̀ ló kù, òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti. Nínú kíláàsì tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé Ìtùnú wà níbẹ̀. Ìtùnúolúwa ni wọ́n máa kọ sínú ìwé ìbí.

Nínú DNA, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta ló ń para pọ̀ sọ irú ásíìdì tí sẹ́ẹ̀lì máa lò. GAG ń pe glutamic acid. Tí G ìkẹyìn bá yí di A, GAA ló dà, glutamic acid náà ṣì ni: àkọlé yí, ìtumọ̀ ò yí. Ṣùgbọ́n tí A àárín bá yí di T ní ojú kan pàtó nínú jíìnì ẹ̀jẹ̀, GTG ló dà, valine dé, fọ̀níkú-fọ̀ladìde dé. Comfort sí Ìtùnú, GAG sí GAA ni. Comfort sí Precious, iyẹn yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá awuyewuye sílẹ̀ nínú ìdílé wa lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kan bí obìnrin. Àwọn ìyá ní Kàbà fẹ́ kọ́mọ náà jẹ́ Comfort, kí orúkọ ìyá àgbà má baà tán. Ìyá ọmọ, tó ń gbé ní Abuja, ní wọ́n máa fi ọmọ òun ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé pé orúkọ ìyá arúgbó ló ń jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fi sí àárín. Àǹtí mi kan dáhùn pé, "Àárín tí ẹnikẹ́ni ò ní pè é?" Wọ́n bi ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò rí òkú kankan nínú ilé tí ọmọ yìí fẹ́ dí àyè rẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ayọ̀. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Wọ́n máa ń sọ pé orúkọ àgbà ń padà lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí kò bá sí ẹni tó rántí pé àgbà ló ń jẹ́ ẹ mọ́. Ní England, Florence àti Ivy, orúkọ àwọn ìyá ìyá ìyá, wà nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní 2021. Wọ́n lè mọ èyí torí wọ́n ń kà á, ọdọọdún ni wọ́n ń gbé iye rẹ̀ jáde. Amẹ́ríkà ní ti 1880 títí dòní. Nàìjíríà ní òfin tó sọ pé dandan ni kí wọ́n forúkọ ìbí sílẹ̀, 1992 ni òfin náà jáde, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa tó ń jẹ́ Comfort ti dàgbà kọjá ibẹ̀. Inú ìwé ìrìbọmi ni tiwọn wà. Ìjọ Áńgílíkà ní, Kátólíìkì ní, ECWA ní. Páàdì wà ní Kàbà dáadáa débi pé ní 1955, Kàbà ni wọ́n fi sọ agbègbè ìjọ wọn lórúkọ kó tó di ti Lọ́kọ́ja. Ọjọ́ ìrìbọmi, orúkọ Yorùbá, orúkọ òyìnbó, orúkọ bàbá, ìlú: gbogbo ohun tí onímọ̀ ìṣirò ń fẹ́ ló wà lójú ìlà kan.

Ikán ló ń kà á báyìí. Ìwé mìíràn wà nínú àpótí pákó lẹ́yìn pẹpẹ, òjò ń jò sí i. Tẹ́ ẹ bá ní ẹbí tó jẹ́ alàgbà tàbí akọ̀wé ìjọ, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbà yín láyè, kẹ́ ẹ fi fóònù ya ojú ìwé kọ̀ọ̀kan níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn wà, kẹ́ ẹ má lo fláàṣì, kẹ́ ẹ sì kó àwòrán náà fún ìjọ. Iṣẹ́ ìṣirò ò nílò orúkọ ìdílé ẹnikẹ́ni. Ọdún àti orúkọ ìrìbọmi nìkan ti tó. Ẹ ka iye Comfort tó wà ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, ẹ pín in pẹ̀lú iye ọmọbìnrin tí wọ́n rì bọmi láàárín ọdún náà, kẹ́ ẹ tún ka Ìtùnú àti Rẹ̀mílẹ́kún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí Comfort bá ń sọ̀ kalẹ̀ bí Ìtùnú ṣe ń gòkè, aṣọ ló pààrọ̀. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ wo ìwé ìsìnkú àwọn ọmọdé tó wà nínú àpótí kan náà.